Ẹni Tó Bá Ń Wúkọ́, Kó Fi Ẹ̀bùn Rẹ̀ Rán Wa

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ bá wa sọ níbi ìpàdé oṣù kọkànlá, ká tó lọ kí àwọn àgbà wa

   

Ìyálọ́jà ló ní kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ìbẹ̀wò wa sí ilé àwọn arúgbó, kí a sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé wa yìí, kí àwọn tí kò ráyè wá sípàdé lè kà á, tàbí kí ọmọ wọn kà á fún wọn. Ẹ mọ̀ mí, ìwé mẹ́fà ni mo kà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kò gba ìwé púpọ̀.

Lọ́dọọdún, tí ọdún bá ti ń lọ sópin, ẹgbẹ́ wa máa ń lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn àgbà. Ẹ mọ bí a ṣe ń lọ. Bọ́ọ̀sì méjì, aṣọ ẹgbẹ́, onígángan, kúlà ráìsì, páálí wàrà, àpò gàrí. A ó jó, a ó kọrin, a ó dì mọ́ wọn, a ó ya fọ́tò. Inú wọn a dùn, inú tiwa náà a dùn. Ó dára bẹ́ẹ̀. N kò sọ pé ká má lọ mọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ewu wà nínú bí a ṣe ń lọ, èmi fúnra mi sì ti dá ẹ̀ṣẹ̀ náà rí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ara mi.

Ó ti pẹ́ díẹ̀, àrùn Kòrónà kò tíì dé nígbà náà. Ọyẹ́ mú gan-an lọ́dún yẹn. Kátà mú mi, ikọ́ tẹ̀lé e. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti ń wúkọ́ kí ọjọ́ ìbẹ̀wò tó pé. Mo mu àgbo, mo jẹ orógbó, mo ra oògùn ikọ́ ní kẹ́míìsì. Ọmọ mi ní, "Mọ́mì, ẹ sinmi lónìí." Mo ní ta ló máa ka orúkọ àwọn tó dáwó? Ṣé èmi kọ́ ni akọ̀wé ni? Mo wọ aṣọ ẹgbẹ́, mo lọ.

Ní ilé tí a lọ lọ́jọ́ náà, n kò ní dárúkọ ibẹ̀, mo bá Màmá kan pàdé tó mọ̀ mí. Ẹ̀gbẹ́ ìyá mi ló ti ń ta ata ní Ojúwòyè nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Màmá ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe gbọ́ ohùn mi báyìí, wọ́n ní, "Ṣé ọmọ Ìyá Elélùbọ́ kọ́ nìyí?" Omi bọ́ lójú mi. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọn kò jẹ́ kí n lọ. Mo jókòó tì wọ́n lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń fi ṣíbí bu ráìsì fún wọn. Tí ikọ́ bá dé, màá fi ọwọ́ bo ẹnu, màá wúkọ́ sínú ọwọ́, màá tún fi ọwọ́ kan náà mú ṣíbí. Mo rò pé ìfẹ́ ni mo ń ṣe.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo padà lọ gba kúlà tí a gbàgbé síbẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ sọ fún mi pé ikọ́ ti gba gbogbo yàrá yẹn kan. Àgbà méje ló dùbúlẹ̀. Wọ́n gbé mẹ́ta lọ sí ọsibítù. Màmá aláta wà nínú àwọn mẹ́ta náà. Otútù àyà ni wọ́n pè é. Wọn kò padà wá.

Nọ́ọ̀sì yẹn kò dá mi lẹ́bi. Kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ikọ́ tèmi ni. A pọ̀ tí a lọ, ó lè jẹ́ ti ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé mo ń wúkọ́, mo sì lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi.

KÍ LÓ DÉ TÓ FI JẸ́ ÀWỌN ÀGBÀ?

Ẹnì kan lè ní, "Akọ̀wé, kátà lásán ni. Gbogbo wa là ń ní in." Òótọ́ ni. Kátà tó ń ṣe ọmọ ọgbọ̀n ọdún fún ọjọ́ mẹ́rin tó sì lọ, kì í ṣe bákan náà lára ẹni ọgọ́rin ọdún. Bí èèyàn bá ti ń dàgbà, agbára tí ara fi ń bá àrùn jà máa ń dínkù. Ikọ́ wọn gan-an kò lágbára mọ́, kò lè ti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á wá jókòó sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹlòmíràn ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹlòmíràn ní àtọ̀gbẹ, ẹlòmíràn ti ní rọpárọsẹ̀ tí oúnjẹ àti omi fi máa ń ṣìnà sí ọ̀nà èémí. Níbẹ̀ ni otútù àyà ti ń wọlé.

Ohun kejì ni bí wọ́n ṣe ń gbé. Nínú ilé ìtọ́jú, àwọn àgbà lè sùn mẹ́rin, mẹ́fà sí yàrá kan. Ibì kan náà ni wọ́n ti ń jẹun. Ọwọ́ olùtọ́jú kan náà ló ń wẹ ẹni yìí, tó ń pààrọ̀ aṣọ ẹni yẹn, tó ń fi oúnjẹ sẹ́nu ẹni ẹ̀kẹta. Tí àrùn bá wọ ibẹ̀, ó dà bí iná tó wọ ìsọ̀ aláṣọ, kò ní dúró ní ìsọ̀ kan.

Ohun kẹta ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù. Àwọn àgbà wọ̀nyí kì í jáde. Wọn kì í wọ dánfó ní Ojúẹlẹ́gba, wọn kì í na ọjà Tejúoṣó, wọn kì í lọ òde ìnáwó. Àrùn kò lè bá wọn níbi tí wọn kò lọ. Ẹlòmíràn ló máa gbé e wọlé fún wọn. Àlejò lè gbé e wọlé. Òṣìṣẹ́ lè gbé e wọlé. Ẹni tó ń ti ọsibítù bọ̀ náà lè gbé e wọlé. Ọ̀nà mẹ́ta náà nìyẹn.

OHUN TÍ OJÚ RÍ LỌ́DÚN 2020

Ẹ rántí ọdún 2020. Ọjọ́ 27 oṣù kejì ni wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé Kòrónà ti wọ Nàìjíríà. Ará Ítálì kan tó bá bàálù wọ Èkó ló gbé e wá, Yábàá wa níbí, ní ọsibítù àwọn tó ní àrùn tó ń ràn, ni wọ́n ti tọ́jú rẹ̀. Lọ́jọ́ 30 oṣù kẹta, wọ́n sé Èkó mọ́lé. Aláṣọ ti ìsọ̀, oníbàtà ti ìsọ̀, àwa tí à ń ta oúnjẹ, wákàtí díẹ̀ ni wọ́n fún wa. Kò sí ẹni tó gbàgbé ìyà yẹn níbí.

Ọ̀sẹ̀ kan náà tí wọ́n rí ti Yábàá yẹn ni ariwo ta ní Amẹ́ríkà, ní ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Kirkland, ní ìpínlẹ̀ Washington. Ilé ìtọ́jú àwọn àgbà ni àrùn náà wọ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 18 oṣù kẹta, àwọn tó mú ti di 167. Àgbà tó ń gbé inú ilé náà jẹ́ 101, òṣìṣẹ́ jẹ́ 50, àlejò tó wá kí wọn jẹ́ 16. Nínú àwọn àgbà náà, bí ẹnì kan nínú mẹ́ta ló kú. Nígbà tí ìjọba wádìí, wọ́n rí i pé àwọn òṣìṣẹ́ kan ń ṣàìsàn, síbẹ̀ wọ́n ń wá síbi iṣẹ́, àwọn kan sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Báyìí ni àrùn ṣe ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn.

Ní ilé mìíràn ní agbègbè kan náà, wọ́n yẹ àwọn àgbà 76 wò. Àrùn wà lára 48. Ẹ gbọ́ o, 27 nínú àwọn 48 yìí ni kò wúkọ́, tí ara wọn kò gbóná lọ́jọ́ tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló wá ṣàìsàn lẹ́yìn náà. Nítorí náà, ká má sọ pé, "Mo wojú rẹ̀, kò ṣe é ní nǹkan kan."

Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún burú jù. Nínú oṣù kẹta sí oṣù kẹrin 2020, wọ́n ń wá bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ ní ọsibítù, wọ́n sì kó àwọn aláìsàn bí 25,000 jáde lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn àgbà. Kì í ṣe gbogbo wọn ni wọ́n yẹ̀ wò kí wọ́n tó kó wọn lọ. Ní oṣù kẹrin 2022, ilé ẹjọ́ gíga ní Lọ́ńdọ̀nù dájọ́ pé ohun tí ìjọba ṣe yẹn kò bófin mu, torí wọn kò ro ti àwọn tí àrùn wà lára wọn láìhàn. Ọmọ méjì tí bàbá wọn kú ní irú ilé bẹ́ẹ̀ ló pe ìjọba lẹ́jọ́. Nígbà tí ọdún 2022 fi máa bẹ̀rẹ̀, àwọn àgbà ilé ìtọ́jú tí Kòrónà bá lọ ní Ẹ́ńgílándì àti Wales ti lé ní 40,000.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà, ẹ má wò ó bí ìtàn òkèèrè. Ta ló ń tọ́jú àwọn àgbà òyìnbó yẹn? Àwọn ọmọ wa wà níbẹ̀. Ọmọ mi obìnrin kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ọ̀pọ̀ yín tí ẹ jókòó yìí náà ní ọmọ níbẹ̀. Ó sọ fún mi pé lọ́dún yẹn, ilé mẹ́ta lòun ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Wákàtí tóun bá ṣe ni wọ́n máa sanwó rẹ̀. Tóun bá dùbúlẹ̀ àìsàn, owó ti dúró nìyẹn, onílé á sì kànlẹ̀kùn. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀rù bà mí láti lọ, ẹ̀rù sì bà mí láti má lọ."

Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìwádìí kan nínú oṣù karùn-ún àti oṣù kẹfà 2020. Ilé ìtọ́jú tó lé ní 5,000 ló dá wọn lóhùn. Wọ́n rí i pé níbi tí wọ́n ti ń sanwó fún òṣìṣẹ́ tó ń ṣàìsàn kó lè jókòó sílé, àrùn kò mú àwọn àgbà tó bí ó ṣe mú àwọn ti ibòmíràn. Ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ alágbàṣe ti ń wọlé tí wọ́n ń jáde lójoojúmọ́, ibẹ̀ ni àrùn ti pọ̀ jù.

Ẹ̀yin ìyá mi, èyí yé wa ju òyìnbó lọ. Nínú wa níbí, ta ni kì í bá ikọ́ lọ ọjà? Tí o kò bá ṣí ìsọ̀ lónìí, kí lo máa jẹ lálẹ́? Ta ló máa san owó àjọ? Kì í ṣe ìkà ló ń mú ẹni tó ń wúkọ́ lọ síbi iṣẹ́. Àìní ni. Ẹni tí a kò bá sanwó fún ìsinmi rẹ̀, kò lè sinmi.

ILÉ TIWA NÍBÍ

Ní agbègbè wa, ìjọba Èkó ní ilé àwọn arúgbó ní Yábàá. Ìjọ Kátólíìkì ní Regina Mundi ní Múṣín. Àwọn kéékèèké mìíràn ń pọ̀ sí i, torí àwọn ọmọ ti lọ òkè òkun. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó pọ̀ jù ṣì wà lọ́dọ̀ wa nínú ilé, ní Àgúdà, ní Ìdí-Oró, ní Sábo, nínú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí ọmọ, ọmọ-ọmọ àti ìyá àgbà ń sùn sójú kan. Ohun tí mo ń sọ kan ilé ìtọ́jú, ó sì kan yàrá ìyá rẹ.

Ẹ mọ àmì rẹ̀ lára àgbà. Ara ọmọdé á gbóná, á wúkọ́, o máa mọ̀. Ti àgbà lè má rí bẹ́ẹ̀. Ara rẹ̀ lè má gbóná rárá. Ẹ̀ẹ̀kan náà lo máa rí i tí kò fẹ́ jẹun mọ́, tó ń sùn ṣáá, tó ń sọ ìsọkúsọ, tó ṣubú láìfẹsẹ̀kọ, tí èémí rẹ̀ ń yára. Ẹ má sọ pé, "Ogbó ló ń dà á láàmú." Ẹ má lọ ra ampiclox méjì ní kẹ́míìsì fún un. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Tó bá di ọ̀la, ó lè ti pẹ́ jù.

Ikọ́ tó bá lo ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, yálà ti àgbà ni tàbí tìrẹ, lọ ṣàyẹ̀wò ikọ́ ife. Ní ọsibítù ìjọba, ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni oògùn rẹ̀, oṣù mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń lò ó. Kì í ṣe èpè, kì í ṣe ohun ìtìjú, ó ń san. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bò ó mọ́lẹ̀ ń pín in kiri ọjà ni.

OHUN TÍ MO FẸ́ KÍ A FỌWỌ́ SÍ LÓNÌÍ

1. Ẹnikẹ́ni tí kátà, ikọ́, ọ̀nà ọ̀fun dídùn tàbí ibà bá ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ tí a fẹ́ lọ, kó má bá wa lọ, ìbáà jẹ́ Ìyálọ́jà, ìbáà jẹ́ èmi akọ̀wé. Kó fi ẹ̀bùn rẹ̀ rán wa. A ó ka orúkọ rẹ̀ sókè níbẹ̀ bí ẹni pé ó wá.

2. Ká má kó bọ́ọ̀sì méjì lọ mọ́. Èèyàn mẹ́wàá tó. Àwọn tó kù á lọ lọ́dún tó ń bọ̀, ká máa yí i po.

3. Ká jókòó síta nínú àgbàlá lábẹ́ ibòji, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Tó bá di dandan ká wọ yàrá, kí a ṣí gbogbo fèrèsé, kí a sì lo ìbòmú.

4. Kí a fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ nígbà tí a bá dé, àti kí a tó fi oúnjẹ sẹ́nu ẹnikẹ́ni. Tí ikọ́ tàbí sísín bá dé lójijì, ìgbúnwọ́ ni kí a sín in sí, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́.

5. Kí a má mú àwọn ọmọ kéékèèké lọ. Imú ọmọ kì í gbẹ lásìkò ọyẹ́.

6. Èyí ló ṣe pàtàkì jù. Lọ́dún tó kọjá, owó aṣọ ẹgbẹ́ àti ti onígángan ju owó oúnjẹ tí a gbé lọ. Akápò wà níbí, ẹ bi wọ́n. Mo dá a lábàá pé lọ́dún yìí, kí a wọ aṣọ tí a ti ní. Kí a gbé owó yẹn fún màtírọ́ọ̀nù ilé náà, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì máa fi san owó iṣẹ́ òṣìṣẹ́ tó bá ń ṣàìsàn, kó lè jókòó sílé títí ara rẹ̀ á fi yá. Kí a tún fi díẹ̀ ra ọṣẹ, ìbòmú àti ohun tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná ara.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní, "Kòrónà ti lọ." Lóòótọ́, ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún 2023 ni àjọ ìlera àgbáyé kéde pé kì í ṣe pàjáwìrì mọ́. Wọn kò sọ pé ó ti kú. Àti pé kí Kòrónà tó dé ni Màmá aláta ti kú. Ọ̀fìnkìn wà kó tó dé. Ikọ́ ife wà kó tó dé. Ní 1918, ọkọ̀ ojú omi gbé ọ̀fìnkìn apààyàn wọ Èkó, ó sì ti èbúté tàn ká gbogbo ilẹ̀ wa. Gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ èémí ẹnì kan sí ti ẹnì kejì.

Àwọn mìíràn á ní, "Bí ó bá tó àkókò, Ọlọ́run ló ń pe ni." Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí n má jẹ́ ẹni tí wọ́n á fi ránṣẹ́.

Àwọn kan tún lè ní, "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ká kúkú jókòó sílé." Rárá o. Ní 2020 yẹn, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn àgbà ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ojú fèrèsé ni ọmọ ti ń juwọ́ sí ìyá. Àwọn kan kọ oúnjẹ, àwọn kan kò dá ọmọ wọn mọ̀ mọ́ nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn. Ìdánìkanwà náà ń pa àgbà. Ẹ jẹ́ ká lọ, ká lọ léraléra gan-an, kó má jẹ́ ìparí ọdún nìkan. Ṣùgbọ́n kí ara wa le kí a tó lọ.

Àwọn àgbà wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn lónìí ló jókòó sọ́jà nígbà tí orí tiwa kò tíì dúró. Tiwọn náà ò gbọdọ̀ wọ́ lójú wa.

Tí ẹ bá fọwọ́ sí i, kí Ìyálọ́jà pè é kí a dìbò. Tí ẹ kò bá fọwọ́ sí i, ẹ sọ ìdí rẹ̀, màá kọ ọ́ sílẹ̀. Ní tèmi, tí ikọ́ bá ń ṣe mí lọ́jọ́ náà, ẹ ò ní rí mi nínú bọ́ọ̀sì. Àpò gàrí mi ni ẹ máa rí.

Ajé á bá wa jókòó, àìsàn ò ní bá wa jẹun. 

Akọ̀wé Ẹgbẹ́